Aṣọ Ọmọ Òòrẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi jáde bí ìdì òwú, ó yí gbirigbiri, ó gba ìdí igi àràbà kọjá, ó ta mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀, ó wá tú délé Òòrẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú àlọ́ yìí ni Òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni ọjọ́ ọjà tó ṣáájú ọyẹ́, nígbà tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Mo tètè sọ ọ́, kí ó má bàa rú yín lójú tó bá yá pé ta ló ṣe ta.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Àràbà, iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ẹranko mọ̀ ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hun òwú. Kì í ṣe òfì o. Abẹ́rẹ́ méjì lásán ni, òwú kan, àti sùúrù. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọ́n á jókòó yí igi àràbà ká. Abẹ́rẹ́ á máa dún kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́, ẹnu náà á máa dún wúyẹ́wúyẹ́. Ehoro a máa hun fìlà tó ní ilé etí méjì. Ìyá Àgbọ̀nrín, tí í ṣe àgbà ẹgbẹ́, a máa hun ìborùn tó fẹ̀ bí ewé kókò. Ìgbín ń hun ìbọ̀sẹ̀.

“Ìgbín, ta lo fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún?” Ehoro á bi í. “Ẹsẹ̀ rẹ dà?”

“Ìwọ tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èwo nínú wọn ló ní ìbọ̀sẹ̀?” Ìgbín á dá a lóhùn.

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá àgbà, Ìgbín ò lọ́wọ́!”

Ìyẹn ni kò ṣe tíì parí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún. Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n sọ àlọ́ mi.

Níbo ni abẹ́rẹ́ ti ń wá? Lára Òòrẹ̀ ni. Bí ẹ̀gún kan bá gbó lẹ́yìn rẹ̀ tó sì já bọ́, á ṣà á, á fi yanrìn fá a kó lè dán, á fi àdín pa á, á wá gbé e fún ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dá. Èyí tó tín-ín-rín ni ti ìbọ̀sẹ̀, èyí tó sanra ni ti ìborùn. A tún máa fi iná tẹ orí òmíràn kó kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, fún àwọn tó fẹ́ràn láti fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fa òwú jáde lójú ara rẹ̀. Kì í gba nǹkan kan. “Ara mi ló hù ú,” ni ó máa ń wí. “Ẹ ṣáà máa hun.”

Wọ́n ní àṣà kan. Bí obìnrin kan bá lóyún nílùú, ilé kọ̀ọ̀kan á ra ìdì òwú kan lọ́jà, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n ńlá, ẹgbẹ́ á sì jókòó hun ún di aṣọ kan ṣoṣo. Aṣọ náà ni wọ́n ń pè ní àkọ́bò. Ìyá ọmọ kì í sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ rí i kí iṣẹ́ tó parí. Tó bá bímọ lónìí, wọ́n á fi orin gbé àkọ́bò wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹnikẹ́ni kì í sì fojú kan ọmọ tuntun kí àkọ́bò tó délé. Àṣà tó dára ni, ó sì dùn ún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ di ibẹ̀ mú, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ti kọsẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni agbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì di agbọ̀n mú ni ọ̀rọ̀ ń gbẹ̀yìn sí lẹ́nu: àwọ̀ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí yóò hun etí aṣọ, ọjọ́ tí wọ́n á jókòó. Ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, bí wọ́n ṣe gbé e fún un nìyẹn. Kò sí ẹni tó rò ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ tí Òòrẹ̀ ti ń wá ọmọ. Láti òdìkejì odò ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá tẹ̀dó. Ọkọ bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ nígbà tí oyún ṣì kéré, ó wá ku òun nìkan ní òòrẹ̀ nílùú. Kò sí àkọ́bò kan tí wọ́n hun rí tí kì í ṣe ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi hun ún. Lọ́dún yìí, ó kan òun náà.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo wọn kọrí sí ìsọ̀ Ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tó ń ta òwú. Ẹ̀gà ti kó òwú jọ gègèrè: pupa tí wọ́n fi osùn rẹ, aró tó dúdú bí ojú alẹ́, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, èyí tó funfun láìrẹ. Ó ń ké tantan: “Òwú rè é o! Òwú tí ń rẹ́rìn-ín! Ẹni bá fọwọ́ kàn án kò ní lọ mọ́ o!”

Ìyá Àgbọ̀nrín mú ìdì kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ẹ̀gà, èyí ń họ ni lára. Ara ọmọ tuntun ló ń lọ o.”

“Ẹ má bínú, Ìyá wa, èyí tí wọ́n fi ń hun àpò nìyẹn. Ẹ wo tibí, ẹ fi kan ètè yín. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń wí?”

“Ó ní kí n rà á,” ni Ìyá Àgbọ̀nrín wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rà á tán lónìí o. Ìkòkò kan náà ni mo ti rẹ gbogbo pupa yìí. Bí ẹ bá ní ó di ọjà míì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n á jẹ́, wọn ò ní jẹ́ ìbejì mọ́.”

Ehoro ra funfun. Òmíràn ra àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ti ìdì bọ́ sí ìdì, ó ń gbóòórùn, ó ń fi í pa ara, ó ń gbé e sẹ́nu.

“Ọ̀kẹ́rẹ́!” Ẹ̀gà pariwo. “Ọwọ́ la fi ń dán òwú wò, a kì í fi eyín dán an wò!”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn ni.”

Ìgbín dé nígbà tí Ẹ̀gà ti ń di ẹrù. Aró ló kù, ó rà á, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó kọ́kọ́ dé ọjà. Wọ́n padà sílé, wọ́n ń fi òwú wé ara wọn lọ́rùn, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ jókòó sídìí àràbà láìsí Òòrẹ̀, agbọ̀n kún títí dé etí. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo pupa, ó wo ìyeyè, ó wo funfun. Ó rántí ihò igi tó ń sùn sí, bí atẹ́gùn ṣe máa ń wọ ibẹ̀ fìì lásìkò ọyẹ́. Òwú náà wọ̀ ọ́ lójú.

Ó lanu sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin ará ilé, mo ní ìbéèrè kan. Ta ló ń wọṣọ fún òòrẹ̀?”

Gbogbo wọn gbójú sókè.

“Ẹ wo ìyá ọmọ náà,” ó wí. “Bí ẹ bá da aṣọ bo ìyẹn lórí, kí ni yóò kù lára aṣọ? Ihò! Ọmọ rẹ̀ á dojú ẹ̀gún kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín, á fà á ya fàà, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa sunkún òwú.” Ó wá gbọn ara pàtìpàtì bí Òòrẹ̀, ó ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ yí agbọ̀n ká.

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú.

Ehoro gbé etí kan sókè. “Àbí ká kọ́kọ́ bi Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀?”

“Ta ló ń bi ẹ̀gún bóyá ẹ̀gún ń gúnni?” Ọ̀kẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ehoro wojú wọn, ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbọ̀nrín ní, “Òótọ́ ni pé a kò rí ọmọ òòrẹ̀ rí. Kí la ó wá fi òwú yìí ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi, Ìyá wa, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Tí aboyún gidi bá wà nílùú, màá gbé e jáde.”

Aboyún gidi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Wọ́n sì gbà.

Kò pẹ́, ọyẹ́ dé. Ó dé fẹ̀ẹ̀. Ètè ń là, ewé ń já bọ́ wọ́wọ́. Òòrẹ̀ bí ọmọbìnrin kan. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì ó gbálẹ̀, ó sun iṣu sílẹ̀ fún àwọn tí yóò gbé àkọ́bò wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fetí sí orin.

Orin kò wá. Iṣu tutù. Ọmọ ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ìyá yín máa ń ṣe bí òtútù bá mú ọmọ?

“Á pọ̀n ọ́n!”

Á pọ̀n ọ́n. Ehoro ń pọnmọ. Àgbọ̀nrín ń pọnmọ. Ẹ̀yìn Òòrẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yìn tí a ń pọn ọmọ sí. Ẹ̀yìn tó fún gbogbo ìlú ní abẹ́rẹ́ kò lè fún ọmọ tirẹ̀ ní ooru. Bí kò bá sí àkọ́bò, kò sí nǹkan kan. Ó kó ewé gbígbẹ bo ọmọ náà, ó dìde, ó lọ sílé Ehoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

“Ehoro, aṣọ ọmọ mi ńkọ́?”

Ehoro di etí rẹ̀ méjèèjì mú. “Ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ... ẹ lọ bi Ọ̀kẹ́rẹ́.”

“Láti ìgbà wo ni mo ti di ‘ẹ’ fún ọ?”

Ehoro kò wò ó lójú; ó mú fìlà tó ń hun, ó ṣáájú rẹ̀ lọ sídìí àràbà.

Òòrẹ̀ dé ìdí àràbà. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń hunṣọ nínú oòrùn àárọ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ọmọ mi dà?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ orí látinú ihò rẹ̀ lókè. “Ìyá Ẹlẹ́gùn-ún! Ẹ̀wù ló tún kù fún ìwọ? Ẹ̀gún tó wà lára rẹ kò tó ẹ wọ̀?”

“Mi ò bèèrè fún ara mi. Ọmọ mi ni. Òtútù ń pa á.”

“Kó hu ẹ̀gún, á gbóná.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn yòókù tẹjú mọ́ iṣẹ́ wọn, bí ẹni pé ojú òwú kan ti já bọ́ tí wọ́n ń wá a. Òòrẹ̀ dúró dìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn ara rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ó gbé orin sókè. Ẹ gbè é:

Abẹ́rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ ara mi,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ìwọ lo hun fìlà etí Ehoro,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ìwọ lo hun ìborùn Àgbọ̀nrín,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ọyẹ́ ti dé, ọmọ mi ò láṣọ,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ẹ̀yìn tó hù ọ́ ló ń pè ọ́ o,
*Jó bọ̀ wálé.*

Fìrì! Abẹ́rẹ́ Ehoro yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò, ó lọ gún sí ẹ̀yìn Òòrẹ̀. Fìrì! Ti Ìyá Àgbọ̀nrín tẹ̀ lé e. Fìrì, fìrì, fìrì! Ẹ sì mọ̀ pé aṣọ tó bá ṣì wà lórí abẹ́rẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá ti yọ, kò sí ohun tó di ojú òwú mú mọ́. Ilé etí fìlà Ehoro tú, jẹ́rẹ́jẹ́rẹ́, títí dé orí. Ìborùn Ìyá Àgbọ̀nrín tú wọ̀ọ̀ sílẹ̀ bí omi. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbá òwú mú, òwú ń sá.

Ìgbín wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti tú tán. “Ó dáa,” ó wí, “màá tún bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín lókè. “Ẹ wo àwọn aláṣọ! Ẹ wo àwọn aláṣọ!” Òòrẹ̀ kò wò ó. Ó tún orin gbé:

Abẹ́rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ ara mi,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ìwọ tó kù sínú ihò igi,
*Jó bọ̀ wálé.*
Ìwọ tí mi ò mọ ohun tí ò ń hun,
*Jó bọ̀ wálé.*

Ẹ̀rín kú mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ti ń hun ẹ̀wù fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ ọjà. Ó ti hun ọrùn, ó ti hun apá, ó ti hun ikùn, ó wọ̀ ọ́ sára níbi tó wà yẹn. Ilé ìrù ló kù. Ìrù rẹ̀ gùn, iṣẹ́ ò parí, abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Fìrì! Abẹ́rẹ́ fi ìrù sílẹ̀. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú: láti ìrù dé ìdí, láti ìdí dé ikùn, ó ń já bọ́ láti orí igi, yìrìyìrì, ó ń bọ́ lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí. Pupa já bọ́. Ìyeyè já bọ́. Funfun já bọ́. Aró gbẹ̀yìn.

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ni Ìgbín wí. “Òwú mi nìyẹn.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí ẹ̀ka ní ìhòòhò, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀.

Ìyá Àgbọ̀nrín gbójú sókè. “Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé ìwọ wá ni aboyún gidi náà?”

Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Òòrẹ̀ ní, “Ẹ tẹ̀ lé mi.”

Wọ́n ṣa òwú sínú agbọ̀n, Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbé e, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Òòrẹ̀, wọ́n dúró. Ìyá Àgbọ̀nrín ní, “Ìyàwó, àkọ́bò kò tíì délé. A kì í fojú kan ọmọ.”

“Bí aṣọ kò bá délé, ẹ kì í wo ọmọ. Bí ẹ kò bá wo ọmọ, ẹ ò lè mọ̀ pé aṣọ yẹ ẹ́. Kí ló wá fẹ́ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, Ìyá wa? Ẹ wọlé.”

Wọ́n wọlé. Ó ṣí ewé kúrò lára ọmọ. “Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Wọ́n ń fà sẹ́yìn. Ehoro ló kọ́kọ́ na ọwọ́, ó ń múra láti pariwo. Kò pariwo. Ó rọra fọwọ́ pa ọmọ náà lẹ́yìn, ó tún pa á. Ẹ̀gún ọmọ náà rọ̀ múlọ́múlọ́, ó rọ̀ bí irun orí àgbàdo tútù.

“Bí wọ́n ṣe ń bí wa nìyẹn,” ni Òòrẹ̀ wí. “Ó pẹ́ kí ẹ̀gún tó le. Ká ní ẹnì kan bi mí, ǹ bá ti sọ fún un.”

Ehoro bú sẹ́kún. “Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín.”

“Mo mọ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ilé, mi ò kàn mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Òòrẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà gùn, torí òtútù kò dúró. Ó gbọn ara, ó fún kálukú ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà, wọ́n sì jókòó sínú yàrá rẹ̀ gan-an, níṣojú ìyá ọmọ, ohun tí wọn kò ṣe rí. Wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ká òwú. Ó ń tú kókó, ó ń ká a, ó ń sín. Kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́. Pupa wọ inú funfun, ìyeyè gba àárín aró. Wọ́n tún iṣu gbé kaná, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi Ìgbín ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ojú òwú kan ṣoṣo ló ṣì rí hun. Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, àkọ́bò parí. Wọ́n fi wé ọmọ náà. Gbígbọ̀n rẹ̀ dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sùn fọnfọn. Mo sọ fún yín, kò sí àkọ́bò tó lẹ́wà tó ìyẹn rí ní Abẹ́-Àràbà.

Inú Ìyá Àgbọ̀nrín dùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ti parí, ọpẹ́ ni. Òòrẹ̀, ìwọ la ṣẹ̀. Kí lo tún fẹ́? Sọ ọ́.”

Òòrẹ̀ kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, “Ẹ̀yìn mi ni abẹ́rẹ́ ti ń wá. Ẹ gbé agbọ̀n náà fún mi.”

Ehoro ń ká etí rẹ̀. Ìyá Àgbọ̀nrín gbé ìborùn tó tún ti bẹ̀rẹ̀ sókè, ó ń wá ojú òwú tó já bọ́. Agbọ̀n náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀.

“Ìyá àgbà, ṣé wọ́n gbé e fún un?”

Ibi tí òwú àlọ́ mi pin sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ hun ún, kó tú mọ́ mi lọ́wọ́ níṣojú yín. Bó bá jẹ́ òótọ́, kó gbóná lára yín títí ọyẹ́ yóò fi kọjá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ká má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ láìbi onítọ̀hún, pàápàá tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó sì tún kọ́ wa pé ẹni tí gbogbo ìlú ń fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, aṣọ nìkan kọ́ ló tọ́ sí i; ó tọ́ kó wà níbi tí wọ́n ti ń pín in.

Òòrẹ̀ ṣì dúró níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un sọ:

“Ẹ gbé agbọ̀n náà fún mi.”